Láti Ilé Ẹjọ́ dé Ipò Gómìnà: Rótìmí Akérédolú ti Ọ̀wọ̀

Kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1996, abẹ́ ìjọba Òndó kan náà ni Ìkẹ́rẹ́ ti Olósùnta àti Ọ̀wọ̀ wà. Nítorí náà, ìròyìn aládùúgbò ni èyí tí àwa ń kọ sílẹ̀ yìí.

Ọ̀wọ̀ ni a ti bí Rótìmí Akérédolú ní 1956. Àlùfáà ni baba rẹ̀. Ó kọ́ ìmọ̀ òfin ní Yunifásítì Ifẹ̀, ó sì di agbẹjọ́rò ní 1978. Ní 1997 ìjọba ológun fi í ṣe Kọmíṣọ́nnà Ètò Ìdájọ́ ní Òndó, ẹni tí ń gbẹnu sọ fún ìjọba nínú ọ̀ràn òfin. Ó wà níbẹ̀ di 1999. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ẹni tí ó dìbò fún un. Láti 2008 di 2010 ó ṣe olórí Ẹgbẹ́ Àwọn Agbẹjọ́rò Nàìjíríà, ipò tí Olóyè Wọlé Ọlánípẹ̀kun, ọmọ Ìkẹ́rẹ́, ti dì mú ṣáájú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọlá kóòtù kì í dìbò fúnni. Nígbà tí ó du ipò gómìnà ní 2012, ipò kẹta ni ó bọ́ sí. Ní 2016 ó borí pẹ̀lú ìbò 244,842. Ẹni tí ó tẹ̀lé e ni Eyitayọ̀ Jẹ́gẹ́dẹ́, tí òun pàápàá ti ṣe Kọmíṣọ́nnà Ètò Ìdájọ́ ní Òndó. Àwọn méjèèjì tún pàdé ní 2020. Akérédolú tún borí, Jẹ́gẹ́dẹ́ sì gbé ọ̀ràn náà lọ sí kóòtù.

Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé Mai Mala Buni, gómìnà Yobe, ni alága fìdíhẹ ẹgbẹ́ tí ó fa Akérédolú kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òfin ilẹ̀ wa kò gbà kí gómìnà di irú ipò mìíràn mú. Ní ọjọ́ 28 oṣù keje 2021, adájọ́ méje jókòó ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Mẹ́rin gbè fún Akérédolú, mẹ́ta fún Jẹ́gẹ́dẹ́. Àwọn mẹ́rin náà wí pé a kò pe Buni lẹ́jọ́, a kò sì lè dá ẹni tí a kò gbọ́ tẹnu rẹ̀ lẹ́jọ́. Bí ẹyọ adájọ́ kan bá ti yí èrò padà, Akérédolú ìbá ti bọ́ kúrò ní ipò. Lójú tiwa, ìdájọ́ náà tọ̀nà ní ti ìlànà, ṣùgbọ́n ìbéèrè gan-an kò rí ìdáhùn.

Àìsàn ni ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù kejìlá 2023, ó fi ìwé ránṣẹ́ sí ilé aṣòfin, gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí, kí igbákejì rẹ̀, Lucky Ayédatiwa, máa ṣe adelé. Ó kú ní ọjọ́ 27 oṣù náà.