Nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Ní Ìkòtún àti Ẹgbẹ́dá l'Ékòó, ohunkóhun tó bá kọ̀ tí kò ṣí lórí kọ̀ǹpútà, "kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì" ni. Ẹ rọra. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì, àwọ̀n àti iṣẹ́, ló bí i. Ìsopọ̀ ẹ̀rọ mọ́ ẹ̀rọ ló ń tọ́ka sí. DNS yàtọ̀: òun, tó dáyé ní 1983, ló ń wá nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn orúkọ ìkànnì. Láyé wáyà tẹlifóònù NITEL, módẹ́ẹ̀mù lè ké tán, kó wọlé, síbẹ̀ kí orúkọ má ṣí. Bí nọ́ńbà 8.8.8.8 ti Google bá dá "ping" (àṣẹ tó ń wò bóyá ẹ̀rọ kan ń dáhùn) lóhùn, tí google.com ò dáhùn, ẹ wí pé: "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, DNS ni ò ṣiṣẹ́." Ẹ má sì tíì sáré lọ ra dátà.