Ọkàn Ẹnìkan Nínú Àyà Ẹlòmíràn

Ní èdè Yorùbá, orúkọ kan náà ni a fi ń pe ẹran ara tí ń lù kì-kì-kì nínú àyà àti ibùjókòó ìrònú, ìfẹ́ àti ìgboyà. Ẹni tí ó fi òótọ́ ṣiṣẹ́, a ní ó ṣe é tọkàntọkàn. Bí ìròyìn rere bá dé, ọkàn a balẹ̀. Òyìnbó náà ní irú àṣà èdè bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ti Yorùbá jinlẹ̀ jù ú lọ, nítorí pé bí ènìyàn bá kú, ọ̀pọ̀ gbà pé ọkàn rẹ̀ ni ó lọ. Nítorí náà, bí a bá sọ pé àwọn dókítà yọ ọkàn ẹnìkan, tí wọ́n sì fi í sí àyà ẹlòmíràn, ìbéèrè tí ó kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe ti ìṣègùn rárá: ta ni ẹni tí ó jí lórí bẹ́ẹ̀dì? Ìtàn iṣẹ́ náà fi hàn pé ìbéèrè kan wà tí ó le ju ìyẹn lọ, èyíinì ni pé: ta ni ó ní àṣẹ láti fi ọkàn òkú tọrẹ?

Ní ọjọ́ 2, oṣù Ọ̀pẹ̀, ọdún 1967, mọ́tò kan gbá ìyá kan àti ọmọbìnrin rẹ̀ ní ìlú Cape Town, ní Gúúsù Áfíríkà. Ìyá kú. Ọmọ náà, Denise Darvall, ẹni ọdún 25, ni wọ́n gbé dé ilé-ìwòsàn Groote Schuur, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Nínú ilé-ìwòsàn kan náà ni Louis Washkansky wà, tí ọkàn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn dókítà lọ bá Edward Darvall, baba ọmọ náà, tí ó pàdánù aya àti ọmọ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ó fi ronú kí ó tó gbà. Ní òru mọ́jú ọjọ́ 3, Christiaan Barnard àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà. Ọjọ́ 18 ni Washkansky lò sí i. Òtútù àyà ni ó pa á, kì í ṣe ọkàn tuntun. Orúkọ Barnard ni ayé ń pariwo títí di òní, bẹ́ẹ̀ ni Norman Shumway àti Richard Lower ti fi ọ̀pọ̀ ọdún dán iṣẹ́ yìí wò lára ajá ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́rin ti baba yẹn ni gbogbo rẹ̀ dúró lé.

Ọkàn kì í dúró de àṣẹ ọpọlọ kí ó tó lù. Orísun kan wà nínú ara òun fúnra rẹ̀ tí ń rán iná mànàmáná kékeré káàkiri ẹran rẹ̀, ìdí sì nìyí tí èyí tí a gé kúrò lára ẹnìkan ṣe lè máa lù lára ẹlòmíràn. Ohun tí ó le ni àkókò. Bí a bá ti yọ ọ́, inú omi tútù tí a po oògùn sí ni a ń gbé e sí, kò sì yẹ kí ó ju nǹkan bí wákàtí mẹ́rin lọ kí ẹ̀jẹ̀ tó tún gba inú rẹ̀ kọjá. Ní gbogbo ìgbà tí àyà ẹni tí ó fẹ́ gbà á bá ṣófo, ẹ̀rọ ni ń mú ẹ̀jẹ̀ rìn, tí ó sì ń bá ẹ̀dọ̀fóró ṣiṣẹ́. Wọ́n á wá rán ọkàn náà mọ́ àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá. Okùn tí ó so ọkàn mọ́ ọpọlọ ni a kì í rán. Nítorí náà, ẹni tí ó gba ọkàn lè ti máa sáré kí ọkàn náà tó mọ̀ pé eré ti bẹ̀rẹ̀.

Oṣù kan lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, ní ọjọ́ 2, oṣù Ṣẹ́rẹ́, 1968, Barnard fi ọkàn Clive Haupt, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà kà mọ́ àwọn aláwọ̀ àdàlù, sí àyà Philip Blaiberg, òyìnbó oníṣègùn eyín. Blaiberg lo oṣù 19. Òfin ilẹ̀ náà kò jẹ́ kí Haupt bá òyìnbó gbé àdúgbò kan, ṣùgbọ́n kò rí ohun kan sọ sí i pé ọkàn rẹ̀ ń gbé inú àyà òyìnbó.

Ti Amẹ́ríkà burú ju ìyẹn lọ. Ní oṣù Èbìbí, 1968, Bruce Tucker, òṣìṣẹ́ adúláwọ̀ kan ní ìlú Richmond, ṣubú, ó sì fi orí gbálẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n yọ ọkàn rẹ̀ fún òyìnbó kan láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ìbátan rẹ̀ kankan, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n-òun-àbúrò rẹ̀ kan ní ṣọ́ọ̀bù nínú ìlú náà. Ẹbí pe ẹjọ́, L. Douglas Wilder, tí ó wá di gómìnà ní 1990, ni agbẹjọ́rò wọn. Ní 1972, ilé ẹjọ́ dá àwọn dókítà láre. Ẹjọ́ yẹn kọ́ àwọn dókítà pé ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti kú ti kú, bí ọkàn rẹ̀ tilẹ̀ ń lù. Ṣùgbọ́n ìdáhùn tí ẹbí Tucker ń wá kọ́ ni ìyẹn.

Láàárín 1968 àti 1969, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó gba ọkàn ni ó kú, nítorí ara a máa bá àlejò jà. Nígbà tí oògùn cyclosporine, tí a rí lára olú inú ilẹ̀, di lílò ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sí i, ìjà náà rọlẹ̀. Ọkùnrin kan tí Magdi Yacoub fún ní ọkàn ní Harefield, ní England, ní 1982 lo ọdún 33 sí i.

Yacoub yìí náà ni ó wá sí Enugu ní 1974, tí òun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Fabian Udekwu la ọkàn ṣe fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2000, ilé-ìwòsàn St. Nicholas ní Èkó pààrọ̀ kíndìnrín. Kíndìnrín méjì ni ènìyàn ní, alààyè lè fi ọ̀kan tọrẹ. Ọkàn kò ní èkejì. Ọ̀dọ̀ òkú ni a ti sábà máa ń rí i, pàápàá òkú tí ẹ̀rọ ṣì ń bá mí.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan Mowe, Ibafo àti Ifo. Ifo ti wà lójú ọ̀nà reluwé láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn. Mowe àti Ibafo jẹ́ abúlé kí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tó dé ní 1978, tí àwọn tí ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó fi rọ́ wá síbẹ̀. Ọ̀nà yẹn kan náà ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́, irú Denise Darvall. Ṣùgbọ́n kí ọkàn ẹni tí ó fara pa ní Ibafo tó wúlò fún ẹlòmíràn, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé Ṣágámù tàbí Èkó pẹ̀lú èémí lẹ́nu, kí ẹ̀rọ sì wà níbẹ̀ tí iná kò ní já kúrò lára rẹ̀. Ilé-ìwòsàn tí ó bá ní gbogbo èyí, ẹni tí ó fara pa gan-an ni yóò kọ́kọ́ fi í gbà là, bí ó ti yẹ.

Ìfòyà tún ń bẹ. Ènìyàn tí ó ti ń gbọ́ ìròyìn àwọn tí ń gé ẹ̀yà ara ènìyàn ṣe oògùn owó kò ní tètè gbọ́ èdè ìtọrẹ. Nígbà tí ilé ẹjọ́ London sì dá Ike Ekweremadu, igbákejì ààrẹ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà tẹ́lẹ̀, lẹ́bi ní 2023 nítorí kíndìnrín ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n mú lọ láti Èkó, ìfòyà náà rí ẹsẹ̀ dúró.

Òfin Ìlera ti 2014 fàyè sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ fi ara rẹ̀ tọrẹ nínú ìwé ìpíngún, tàbí níwájú ẹlẹ́rìí méjì. Bí kò bá sọ nǹkan kan kí ó tó kú, àwọn ará ilé rẹ̀ ni yóò sọ̀rọ̀. Ta ni ará ilé ní Mowe? Ìyàwó ni ó wà nítòsí, òun ni òfin yóò sì bi. Ṣùgbọ́n ẹbí ni ó ni òkú ní ilẹ̀ Yorùbá, olórí ẹbí sì lè wà ní Èkìtì tàbí Ìlá Ọ̀ràngún. Opó tí ó bá dá fọwọ́ sí i, òun ni yóò dáhùn níwájú ẹbí ní ọjọ́ ìsìnkú, nígbà tí wọ́n bá béèrè ibi tí ọkàn ọmọ wọn wà.