Àwo Ọlọ́fin àti Ihò Eléérú

Ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta, tí kò jìnnà sí Yàbá tí mo ti ń kọ̀wé yìí, ìtàn Ọlọ́fin Ògúnfúnminíre kì í ṣe àjèjì. Wọ́n ní ó gbéra láti Ilé-Ifẹ̀, ó gbé àwo kan lé orí omi, ó sì ń tẹ̀ lé e. Ní Ìṣẹrí, lẹ́bàá odò Ògùn, àwo náà rì. Láti ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn rẹ̀ ti wá sí Ẹ̀bútè Mẹ́ta, kí wọ́n tó kọjá sí Ìddó. “Àwo rì” ni a fi ń túmọ̀ orúkọ Àwórì. Ohùn òkè tí ó máa ń wọlé láàárín olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó sọ “àwo” di “àwó” nínú gbólóhùn náà. Nípa ti ohùn, ìtumọ̀ yìí kò ní àbùkù.

Ìtàn yìí sọ ibi tí ènìyàn ti gbéra, ọ̀nà tí wọ́n gbà, àti ohun tí ó dá wọn dúró. Ohun kan náà ni àwọn onímọ̀ ìṣirò ń wá nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìwádìí bí àwọn ọdẹ ìgbàanì ṣe tàn dé ilẹ̀ tí kò lẹ́nìkan. Ní 1937, R. A. Fisher gbé ìṣirò kan kalẹ̀ nípa bí àbùdá tó ṣàǹfààní ṣe ń tàn káàkiri. Ní 1951, J. G. Skellam lo irú rẹ̀ fún ẹranko àti igi. Ní 1971, Ammerman àti Cavalli-Sforza mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ àkọ́kọ́ ní Yúróòpù. Nǹkan méjì ni ìṣirò náà ń béèrè: báwo ni iye ènìyàn ṣe ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, báwo sì ni ibùgbé ọmọ ṣe ń jìnnà sí ti òbí rẹ̀? Fún àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyẹn, ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 1 lọ́dún. Bí a bá fi wọn ilẹ̀ wa, yóò lé ní 160 ọdún kí wọ́n tó ti Ilé-Ifẹ̀ dé Èkó. A máa ń ka ọdẹ sí ẹni tí ó yára ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ilẹ̀ tí ó nílò pọ̀, kò sì sí oko tí yóò dá a dúró.

Ìṣirò ìpilẹ̀ náà gbà pé ilẹ̀ tẹ́jú, pé ènìyàn sì ń lọ sí gbogbo ìhà bákan náà. Ìtàn àwo gbọ́n jù ú lọ níbí: ó mọ̀ pé omi ni ó ń darí ènìyàn. Àwọn tí ó dé lẹ́yìn ti fi odò àti etí òkun kún ìṣirò wọn.

Ṣùgbọ́n ṣé ilẹ̀ náà tilẹ̀ ṣófo? Fún ìgbà pípẹ́, ọ̀pọ̀ onímọ̀ rò pé igbó kìjikìji jẹ́ ìdènà fún àwọn ọdẹ ìgbàanì. Ní 1965, Thurstan Shaw wa ihò àpáta kan tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Ó rí egungun ènìyàn kan tí ó ti lé ní 11,000 ọdún, pẹ̀lú irinṣẹ́ òkúta àti àfọ́kù wọn tí iye wọn ju 500,000 lọ. “Iwo Eleru” ni àwọn ìwé òyìnbó ń pè é. Ihò Eléérú, ihò tí eérú wà, ni orúkọ náà, inú mi sì dùn pé àwọn ìwádìí àìpẹ́ yìí ti ń kọ ọ́ bí ó ti yẹ. Ní 2011, Katerina Harvati àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé agbárí náà gùn, kò sì ga: ó jọ ti àwọn ènìyàn tí ó ti gbé ayé ṣáájú ìgbà náà púpọ̀. Ìwádìí 2023 sọ pé igbó wà ní àyíká ihò náà ní gbogbo ìgbà tí ènìyàn ń gbé ibẹ̀, kódà nígbà tí ọ̀dàn gba agbègbè náà ní nǹkan bí 6,000 ọdún sẹ́yìn. Ní 2025 ni a gbọ́ ti Anyama ní Côte d'Ivoire: irinṣẹ́ òkúta nínú igbó, láti nǹkan bí 150,000 ọdún sẹ́yìn.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan a máa fi egungun yìí sọ pé Yorùbá ti wà níhìn-ín láti 11,000 ọdún. N kò gbà. Kò sí èdè lára egungun, ọ̀nà tí a fi ń fi èdè wé èdè kò sì lè gbé wa dé ibi tí ó jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí Yorùbá àti Ìgalà pínyà súnmọ́ wa ju ìyẹn lọ fíìfíì. N kò sì gbà pẹ̀lú àwọn tí ó ń fi ìtàn àwo jà sí ilẹ̀, bí ẹni pé kò sí ẹsẹ̀ ènìyàn kan tí ó tẹ erùpẹ̀ yìí rí kí àwo tó dé. Ẹ tún ọ̀rọ̀ àwọn àgbà gbọ́ dáadáa: wọ́n ní Ọlọ́fin tẹ̀dó sí Ìṣẹrí. Ìlú ni a ń tẹ̀ dó. Wọn kò sọ pé òun ni ó kọ́kọ́ dé ibẹ̀.