Ojúde Ilé: Ìtàn Ìtọ́jú Gbàgede ní Festac àti Amúwo-Ọ̀dọ̀fin

Láyé àwọn baba wa, àlejò tí ó bá dé agbo-ilé kan yóò ti rí ojúde baálé kí ó tó rí ojú baálé fúnra rẹ̀. Bí ó bá sì bá ilẹ̀ náà ní mímọ́ tónítóní, tí ipa ọwọ̀ hàn lórí iyanrìn bí ìgbà tí onídìrí ya irun sí ọ̀nà, kò ní í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí ó tó mọ̀ pé àwọn tí ń gbé ibẹ̀ gbọ́ ara wọn yé, pé àwọn ìyàwó ilé kò yan ara wọn lódì, àti pé àgbà ń bẹ nílé. Ọ̀rọ̀ ojúde yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé mi sọ, pàápàá jù lọ ojúde Festac àti Amúwo-Ọ̀dọ̀fin ní Èkó, níbi tí búlọ́ọ̀kù àti ọ̀dà ti gba ipò amọ̀ àti ewé, tí ìbéèrè pé ta ni yóò gbá ìta sì ti di ìbéèrè pé ta ni ó ni ìta.

Kí a tó sàmì sí ojúlé kankan ní Festac, àwọn Àwórì ni ó ni ilẹ̀ etí omi yìí, àwọn ọmọ Ògúnfúnmínire tí ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé ó tẹ̀lé àwo tí ń léfòó lórí odò títí ó fi dé Ìṣẹ̀rí, tí àwo rì, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì fi ibi tí àwo rì sí ṣe orúkọ. Apẹja àti àgbẹ̀ ni wọ́n. Ọ̀dọ̀fin tí a so mọ́ orúkọ Amúwo, oyè ni, oyè kì í sì í dá dúró láìsí agbo-ilé, bẹ́ẹ̀ ni agbo-ilé kì í dá dúró láìsí ojúde. Ìyàwó tí ó kéré jù nílé ni ó máa ń jí ní kùtùkùtù, kí oòrùn tó yọjú, láti tẹ̀ba mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ọwọ̀ tí a ṣà láti ara imọ̀ ọ̀pẹ, kí ó gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ó gbá àgbàlá, kí ó sì gbá ìta dé ibi tí ti ará ilé kejì ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà sọ pé bí a gbá ilé, bí a gbá ọ̀nà, ààtàn ni à ń kó o dà sí. Ẹ̀yìnkùlé ni ààtàn náà máa ń wà, àwọn adìyẹ a máa tan ilẹ̀ rẹ̀, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ a sì máa hù lórí rẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ohun tí a ń dà nù nígbà náà ni ilẹ̀ lè jẹ. A kì í gbálẹ̀ lálẹ́, kí a má baà gbá ọrọ̀ ilé dà nù. Àwọn kan ka èyí sí ìgbàgbọ́ òfìfo, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ bí òkùnkùn ti ṣú tó nígbà tí fìtílà elépo nìkan ni ìmọ́lẹ̀ wa, tí ó sì mọ bí owó ẹyọ ti kéré tó, yóò mọ ìdí tí àwọn ìyá wa fi ka gbígbá ilẹ̀ nínú òkùnkùn léèwọ̀.

Iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni èyí o, iṣẹ́ ọlọ́dọọdún tún wà lọ́tọ̀. Àwọn òyìnbó ní ìgbà ìrúwé tí wọ́n máa ń ṣí fèrèsé, tí wọ́n máa ń nu èédú iná òtútù kúrò lára ògiri. Àwa náà ní tiwa, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, nígbà tí ọyẹ́ bá ti da eruku aṣálẹ̀ bo gbogbo ewé, tí òjò àkọ́rọ̀ kò sì tíì dé. Nígbà yẹn ni àwọn ọkùnrin máa ń tú òrùlé tí ó ti gbó, tí wọ́n á fi koríko tàbí ewé tuntun bò ó; àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin a po amọ̀ láti fi dí ojú tí ògiri ti sán, àwọn obìnrin a sì po ìgbẹ́ màlúù mọ́ omi ewé, wọn a fi ra ilẹ̀ àti ìsàlẹ̀ ògiri títí yóò fi dán, tí eruku kò fi ní í rí ibi dìde mọ́. Wọn a pa koríko ìdí ilé kí ejò má baà fi ṣe ibùba, wọn a sì kó àpáàdì àti igbá fífọ́ kúrò nílẹ̀ kí òjò tó rọ̀ sí wọn nínú. Bí ọdún òrìṣà bá sì kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, ìlú lápapọ̀ ni yóò jáde láti yẹ ọ̀nà. Ní Òṣogbo títí di òní, Ìwọ́pópó ni ó ń ṣí ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù Kẹjọ, nígbà tí Àtáọ́ja, ọba ìlú náà, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ bá jáde sí ojú pópó láti tún ọ̀nà ìlú ṣe kí òrìṣà àti àlejò tó gbà á kọjá. Mo fẹ́ kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, pé nílẹ̀ wa, àlejò tí ń bọ̀ ni ó ń mú ọwọ̀ jáde, nítorí ìtàn Festac kò ní í rú ẹni tí ó bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú.

Ní Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n, Èkó aròmi-sá-lẹ̀gbẹlẹ̀gbẹ, ìjọba òyìnbó mú ìgbálẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ìyàwó ilé, ó fi lé òfin lọ́wọ́. William MacGregor, tí ó jẹ́ gómìnà Èkó láti 1899 sí 1904, oníṣègùn ni. Òun ni ó gbógun ti ẹ̀fọn, tí ó gbẹ́ ojú àgbàrá, tí ó sì rán àwọn ènìyàn láti wo inú ìkòkò omi ará ìlú bóyá tanwíjí ń ta nínú rẹ̀. Láti inú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wolé-wolé ti jáde, ọkùnrin tí ó wọ kákí, tí ó gbé ìwé lọ́wọ́, tí gbogbo ilé ń gbọ̀n fún. Nígbà tí àrùn burúkú tí eku ń tàn ká bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924, agbára wolé-wolé tún pọ̀ sí i, àjàkálẹ̀ yìí kan náà ni ó sì fa ìdásílẹ̀ LEDB, àjọ tí ń tún ìlú Èkó ṣe, ní 1928, tí a fi wó ọ̀pọ̀ ilé tí ó há mọ́ra. Dókítà Isaac Ládipọ̀ Olúwọlé, ọmọ wa, tí a fi ṣe olórí ètò ìlera Èkó ní 1936, ni ó kó iṣẹ́ náà sábẹ́ àkóso ọlọ́gbọ́n. Ó dá ilé ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó sílẹ̀ ní Yábàá, níbi tí àwọn wolé-wolé láti gbogbo Nàìjíríà ti wá kẹ́kọ̀ọ́. N kò ní í bú wolé-wolé, nítorí ẹ̀mí tí wọ́n gbà là kò lóǹkà. Síbẹ̀ wọ́n gbin ohun kan sí wa lọ́kàn tí kò tíì kúrò: a bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀ nítorí ẹni tí ó lè bu owó ìtanràn lé wa, a kò gbá a mọ́ nítorí ẹni tí ó ń bọ̀ wá kí wa.

Àlejò ńlá dé lẹ́yìn èyí. Lẹ́yìn àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú àgbáyé tí a ṣe ní Dakar ní 1966, Nàìjíríà gbà láti ṣe èkejì, èyí tí a pè ní FESTAC. A fi í sí 1975, ìjọba Gowon ṣubú ní oṣù Keje ọdún náà, a sún un síwájú, títí ó fi wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977, lábẹ́ ìjọba Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́. Níbo ni àwọn òṣèré, oníjó, onílù àti ọ̀mọ̀wé láti orílẹ̀-èdè tí ó ju 50 lọ yóò sùn sí? Ilẹ̀ Amúwo ni ìjọba yàn, tí ó fi kọ́ ìlú odindi: áfẹ́núù méje gbọọrọ, òpópó tí ó yà kúrò lára wọn, kúlóòsì tí ó yà kúrò lára òpópó, gọ́tà tí a fi kọnkéré ṣe, páìpù abẹ́ ilẹ̀ tí ń gbé ìdọ̀tí lọ, pápá tí a fi sílẹ̀ fún koríko, àti igi tí a gbìn sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ní ọdún 1977 yìí kan náà ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá àjọ tí ń kó pàǹtí sílẹ̀, èyí tí a yí orúkọ rẹ̀ padà ní 1981, tí ó sì di LAWMA ní 1991. Ohun tí ìyàwó ilé ń ṣe ní kùtùkùtù nígbà tí ó gbọ́ pé àna rẹ̀ ń bọ̀ ni orílẹ̀-èdè wa ṣe ní 1977, inú ọyẹ́ gan-an ni ó sì ti ṣe é: ó gbá ojúde, ó tẹ́ ẹní, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Àlejò lọ tán. Wọ́n fi ìbò pín ilé Festac fún àwọn ọmọ Nàìjíríà, ẹnì kan kò sì gbọdọ̀ gbà ju ọ̀kan lọ. Òṣìṣẹ́ ìjọba, tíṣà, nọ́ọ̀sì, ọlọ́jà, Yorùbá, Ìgbò, Ẹdó, Ìjọ́, Hausa, gbogbo wọn kó wọlé, wọn kò sì mọ ara wọn rí. Bí o bá dúró lẹ́nu kúlóòsì Festac kan, tí o wo bí ilé ti yí ààyè kan ṣoṣo ká, tí ẹnu ọ̀nà gbogbo wọn dojú kọ ara wọn, ìwọ yóò rí i pé agbo-ilé ni ayàwòrán ilé yà, bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Ohun tí ó ṣe aláìní ni baálé. Ààyè àárín náà jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, ohun tí ó bá sì jẹ́ ti gbogbo ènìyàn lọ́nà bẹ́ẹ̀, ìyàwó ta ni yóò jí gbá a? Ọdún mélòó kan kò kọjá kí koríko pápá tó di ibi tí a ń gbé ọkọ̀ tí ó bàjẹ́ sí, kí ìsọ̀ tó hù lẹ́bàá gọ́tà, kí páìpù abẹ́ ilẹ̀ tí a ṣe fún iye ènìyàn kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sí ojú títì. Èyí dùn mí púpọ̀, nítorí ilẹ̀ náà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Àwọn ológun gbìyànjú àtiṣe baálé. Ní 1984, Ọ̀gágun Muhammadu Buhari àti Tunde Idiagbon bẹ̀rẹ̀ ogun tí wọ́n ń bá ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ jà. Ní 1985 wọ́n fi ìmọ́tótó àyíká kún un, ó sì di pé ní Sátidé tí ó parí oṣù, láti aago 7 sí aago 10 òwúrọ̀, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ rìn. Ẹni tí ó bá gbé Festac nígbà náà kò lè gbàgbé ìdákẹ́jẹ́ áfẹ́núù ní òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀, tí ìró àdá, ṣọ́bìrì àti ọwọ̀ nìkan ń dún, tí àwọn ọmọdé ń yọ́ sá kúrò nídìí gọ́tà, tí àwọn bàbá sì ń pè wọ́n padà. Iṣẹ́ gidi ń ṣẹlẹ̀, n kò ní í purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ dúdú tí a kó jáde nínú gọ́tà ni a máa ń kó jọ sí etí gọ́tà kan náà, tí ọkọ̀ tí yóò wá gbé e kò ní í dé, títí òjò yóò fi gbá a padà sí ibi tí a ti kó o. Ẹni tí ó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ẹrẹ̀ gọ́tà ní tirẹ̀ a máa tọ ẹni tí ó kó o. Ní oṣù Kẹta ọdún 2015, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó sọ pé kò tọ́ láti dá ènìyàn dúró nílé ní Sátidé náà, nígbà tí ó sì di oṣù Kọkànlá ọdún 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ dá ètò náà dúró.

Omi pàápàá jẹ́ ojúde fún àwọn ará etí odò Amúwo, mo sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan sọ ọ́. Ní 1984, koríko omi tí òdòdó rẹ̀ rí bí àwọ̀ àlùkò gba ọ̀nà odò Àgbádárìgì wọlé láti ilẹ̀ Benin, ó sì tàn bo ojú omi débi pé ọkọ̀ apẹja kò lè kọjá. Ohun tí ó lẹ́wà lójú ẹni tí ń kọjá lórí afárá ni ó di ọ̀tá ẹni tí ń wá ẹja, láti ọdún náà sì ni títú ojú omi ti di ara iṣẹ́ ọdọọdún fún àwọn apẹja, bí pípa koríko ìdí ilé ti jẹ́ fún àwọn baba ńlá wọn.

Ohun tí ó wá ń ṣẹlẹ̀ ní kúlóòsì lónìí ni ó jẹ́ kí n gbé kálámù. Ọ̀pọ̀ kúlóòsì ti ní géètì irin àti ẹgbẹ́ lańdílọ́ọ̀dù, wọ́n ti yan alága, akọ̀wé àti akápò, àwọn ni wọ́n sì ń ná owó tí gbogbo ilé dá jọ. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, tí eruku ọyẹ́ ti ṣàn kúrò lára ewé fúrúùtù àti máńgòrò, wọn a pe iṣẹ́ ní Sátidé tí wọ́n fúnra wọn yàn. Ọ̀dọ́kùnrin kan a fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà ha ewéko yíyọ̀ kúrò lára íntálọ́ọ̀kì, ẹlòmíràn a kun etí títì ní funfun àti dúdú, àwọn ìyá a gbé àga ìta sí oòrùn, wọn a tún ilẹ̀ inú ìkòkò òdòdó yí, wọn a sì da omi tí ó gbé sínú táyà àlòkù nù kí ẹ̀fọn má baà fi ṣe ilé. Wọn a gé ẹ̀ka igi tí ó ti fara kan wáyà iná. Ọlọ́mọlanke ni wọ́n ń san owó fún láti kó ẹrẹ̀ gọ́tà lọ ní ọjọ́ náà gan-an, nítorí wọ́n ti rí èrè dídúró de ọkọ̀. Bí ó bá di ọjọ́ 14 oṣù Keje, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó yà sọ́tọ̀ láti 2008 fún gbígbin igi, a máa ń rí ẹni tí yóò gbin ọ̀kan sí ibi tí òkú ọkọ̀ ti wà tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn tí gbogbo wọn bá ti wọlé, ìyá àgbà kan máa ń kù lẹ́yìn ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, yóò mú ọwọ̀ tí ó ti gbó dé ìdí, yóò gbá iwájú géètì tirẹ̀ tán, yóò sì gbá a wọ iwájú géètì ẹni kejì, ó di ibi tí ọmọbìnrin ilé yẹn ti ń gbá tirẹ̀ bọ̀. Ìyá náà yóò kí i pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyàwó mi,” ọmọbìnrin náà, tí kò gbọ́ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀, yóò kúnlẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú ọwọ̀ lọ́wọ́, yóò ní, “Ẹ ṣé, Mama.”