Bàálù Tó Yára àti Bàálù Tó Ríran: Ìtàn MiG-17 Nígbà Ogun Biafra

Àríyànjiyàn ló bí ètò tòní. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo wà ní Fìdítì níbi tí wọ́n ti ń ṣáàjì fóònù. Àwọn ọmọkùnrin méjì ń wo fídíò F-35 ti Amẹ́ríkà àti Su-57 ti Rọ́ṣíà. Ọ̀kan ní kò sí bàálù tó lè dojú kọ F-35. Èkejì ní irọ́ ni, Su-57 yára jù ú lọ. Èmi náà dá sí i, mo mú JF-17 tiwa wọ̀ ọ́, wọ́n sì fi mí rẹ́rìn-ín.

Bàbá kan wà lórí bẹ́ǹṣì tó ń dúró de fóònù tiẹ̀. Wọ́n ní sójà ni nígbà ogun Biafra. Ó kàn bi wá pé, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, nínú gbogbo bàálù tí ẹ ń kà sílẹ̀ yẹn, èwo ló ń ríran lóru?"

Kò sẹ́ni tó fèsì. Ìbéèrè yẹn ni mo gbé délé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1967. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù keje, iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfuurufú wa kò ju ọmọ ọdún mẹ́ta lé díẹ̀ lọ, kò sì ní jẹ́ẹ̀tì ìjà kankan. Gẹ̀ẹ́sì kọ̀, Amẹ́ríkà kọ̀, wọn ò tà fún wa. Ìjọba Gowon bá yíjú sí Sófíẹ́ẹ̀tì, nígbà tó sì di oṣù kẹjọ, MiG-17 ti ń dé sí Kánò. Àwọn ará Íjíbítì ló kọ́kọ́ ń wà á, àwọn òyìnbó tí wọ́n fowó háyà sì tẹ̀ lé wọn.

Nínú ìwé, MiG-17 kì í ṣe ẹran rírọ̀. Ó lè sá ju 1,100 kìlómítà lọ láàárín wákàtí kan. Ìbọn mẹ́ta ló wà nímú rẹ̀: ọ̀kan jẹ́ 37 mílímítà, méjì jẹ́ 23. Ní Vietnam, ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin ọdún 1965, irú bàálù yìí já F-105 méjì ti Amẹ́ríkà bọ́, bẹ́ẹ̀ F-105 yára tó ìlọ́po méjì ìró ohùn! Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé F-105 ru bọ́ǹbù tó wúwo, kò lè yí padà kíákíá, MiG sì lè ṣẹ́rí bí ọlọ́kadà tó rí ihò lójú títì. Bí a bá fi fídíò YouTube ṣe ìdájọ́, F-105 ni ì bá borí.

MiG kan náà ló dé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ìjà tiwa yàtọ̀. Wọ́n ṣe ìbọn ńlá yẹn nítorí bàálù akóbọ́ǹbù ràgàjì. Ọta 40 péré ni ìbọn 37 yẹn sì ń gbé, 80 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn 23. Tó bá fò nílẹ̀ẹ́lẹ̀, epo rẹ̀ ń tán bí ẹni ń da omi sínú agbọ̀n. Kò ní rédà. Ojú awakọ̀ nìkan ni ojú rẹ̀, ojú yẹn sì ń sáré kọjá orí igbó ní iyàrá tí èèyàn kò fi lè mọ ọjà yàtọ̀ sí bárékè.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di ẹ̀jẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1969, bọ́ǹbù bọ́ sí ọjà Umuohiagu nílẹ̀ Ìgbò, ó sì pa ọ̀pọ̀ tó wá ná ọjà. Nígbà tí ilẹ̀ bá sì ṣú, àwọn bàálù tó ń kó oúnjẹ àti ohun ìjà lọ fún Biafra yóò máa balẹ̀ sí Uli, lórí títì tí wọ́n sọ di pápákọ̀ òfuurufú. MiG kò lè rí wọn. Ẹ rí i báyìí pé bàbá yẹn mọ ohun tó ń sọ.

Lẹ́yìn náà ni Carl Gustaf von Rosen dé, ọmọ Sweden tó ti fi bàálù kó oúnjẹ wọ Biafra ní ọdún 1968. Ó kó bàálù MFI-9B márùn-ún wá gba Gabon. Ẹ máa rẹ́rìn-ín: bàálù tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ ni. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò lágbára tó ti Corolla, eré rẹ̀ kò sì ju bíi 235 kìlómítà ní wákàtí kan. Wọ́n kùn wọ́n ní àwọ̀ ewé, wọ́n so rọ́kẹ́ẹ̀tì méjìlá mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn èèyàn sì ń pè wọ́n ní Biafra Baby.

Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù karùn-ún ọdún 1969, àwọn márààrún fò lórí igi wẹ́rẹ́, wọ́n lu pápákọ̀ òfuurufú Port Harcourt, gbogbo wọn sì padà sílé. (Oṣù yẹn gan-an ni Ọbásanjọ́ gba ipò lọ́wọ́ Adékúnlé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ọmọ ogun tó wà níbẹ̀. Ẹ wo irú ìkíni káàbọ̀!) Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n tún ti kọlu Benin, Enugu àti iléeṣẹ́ iná Ughelli. Wọn ò bá MiG jà lófuurufú rárá. Orí ilẹ̀ tó jókòó sí ni wọ́n ti bá a.

Ìjọba tún fi gbogbo agbára mọ́ ọ̀nà Uli. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà, kí ilẹ̀ tó ṣú, MiG kan rí bàálù DC-7 ti Red Cross tó kó oúnjẹ, ó sì já a bọ́. Gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ ló kú. Red Cross dá ìrìnnà náà dúró, àwọn ọmọdé tí ebi ń pa ló sì jẹ gbèsè rẹ̀.

Ní tèmi o, ìdí nìyẹn tí mi ò fi rò pé JF-17 mẹ́ta tí a gbà ní 2021 ló yẹ ká máa fi yangàn jù. Ọdún yẹn kan náà ni Super Tucano méjìlá dé láti Amẹ́ríkà, ní owó tó sún mọ́ 500 mílíọ̀nù dọ́là. Abẹ̀bẹ̀ ló ń wà á, MiG-17 àtijọ́ yóò fi eré sílẹ̀ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ó lè wà lókè fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kámẹ́rà rẹ̀ sì ń rí ooru ara èèyàn nínú òkùnkùn.

Ìdí tí kò fi tètè dé náà wà. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní ọdún 2017, bàálù ọmọ ogun wa ju bọ́ǹbù sí ibùdó àwọn tí Boko Haram lé kúrò nílé ní Rann, ní ìpínlẹ̀ Borno. Ọ̀sán gangan ni. Ìjọba Obama dá títà náà dúró nítorí rẹ̀, kí Trump tó tún un gbé dìde.

Mo padà lọ sí Fìdítì, mo fi fídíò Super Tucano han bàbá. Ó wò ó títí. Ó ní, "Èyí ríran." Ó tún bi mí pé ta ló ń sọ fún un ibi tó máa wò. Mo ní mi ò tíì kàn án níbì kankan. Ó gba fóònù rẹ̀ tó ti kún, ó sì bá ọ̀nà tiẹ̀ lọ.