Ẹjọ́ Ọba Elékòó, 1931

Àre tàbí ẹ̀bi nìkan kọ́ ni ìgbẹ̀yìn ẹjọ́. Ní 1925, ìjọba amúnisìn ní a ti rọ Ọba Èṣùgbàyí Elékòó lóyè, wọ́n sì lé e láti Èkó lọ sí Ọ̀yọ́. Ẹjọ́ tí ó pè dé ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1931, Ìgbìmọ̀ náà kò dá a sílẹ̀. Wọ́n dá ẹjọ́ padà, kí adájọ́ wádìí bóyá a rọ̀ ọ́ lóyè lóòótọ́, àti bóyá àṣà ní kí ọba tí a rọ̀ lóyè fi ìlú sílẹ̀. Àṣẹ ìjọba nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ bá òfin mu. Lọ́dún kan náà, ìjọba gbà kí Elékòó padà wálé. Ìdájọ́ tí kò dá ẹni sílẹ̀ lè ṣílẹ̀kùn ìdásílẹ̀.