Ìwé Ìrìnnà Sọnù: Ta Ni Yóò Jẹ́rìí?

Ní ọdún 1914, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Charles Inglis wà ní ìlú Berlin. Ó kó ìwé ìrìnnà rẹ̀ fún ẹ́ḿbásì orílẹ̀-èdè rẹ̀ kí wọ́n lè bá a gba físà lọ́wọ́ ìjọba Jámánì. Ìwé lọ, kò bọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Jámánì ní àwọn ò mọ ibi tó wọlé sí, ni ẹ́ḿbásì bá ṣe òmíràn fún un. Kò pẹ́ tí ọkùnrin kan fi gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ní Charles Inglis ni òun. Carl Hans Lody ni orúkọ rẹ̀ gan-an, amí àwọn ọmọ ogun ojú omi Jámánì sì ni. Àwọn lẹ́tà àti wáyà tó ń fi ránṣẹ́ ló tú àṣírí rẹ̀ fó. Wọ́n mú un ní Killarney, ní Ireland, ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹwàá, wọ́n sì yìnbọn pa á nínú Tower of London ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kọkànlá ọdún yẹn kan náà.

Ohun tó jẹ́ kí Lody rí ọ̀nà lọ kò ju pé ìwé ìrìnnà Amẹ́ríkà ìgbà náà kò ní fọ́tò. Ẹni tó bá ti mú un lọ́wọ́ ni olówó rẹ̀. Kí ọdún 1914 tó parí, Amẹ́ríkà ti pàṣẹ pé fọ́tò gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Ní 1915 ni ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà yí padà: abala ìwé kan tí wọ́n ṣẹ́ léra, tí fọ́tò wà lára rẹ̀, tí wọ́n sì kọ bí iwájú orí, imú àti ojú ẹni náà ṣe rí sí i. Ní 1920, ìpàdé tí Ìmùlẹ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè pè ní Paris fẹnu kò lórí ìwé kékeré olójú-ewé 32, èyí tí gbogbo ayé wá ń lò.

Láti ìgbà náà ni ìbéèrè kan ti ń tọ ìwé ìrìnnà lẹ́yìn. Bí ìwé bá lọ, kí ló kù tí yóò fi hàn pé lágbájá ni lágbájá?

Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, kí ìwé ìrìnnà tó dé rárá, ara ni wọ́n fi dáhùn irú ìbéèrè yìí. Àwọn ìlàrí, ìránṣẹ́ Aláàfin, kì í mú ìwé dání bí wọ́n bá ń lọ sí ìlú tó wà lábẹ́ Ọ̀yọ́. Apá kan orí wọn ni wọ́n máa ń fá, wọ́n á sin gbẹ́rẹ́ fún wọn ní orí àti apá, wọ́n á sì sọ wọ́n ní orúkọ tó jẹ́ iṣẹ́ ọba fúnra rẹ̀, irú bíi Mádàríkàn. Oníbodè tó bá rí irú orí bẹ́ẹ̀ lókèèrè ti mọ ẹni tó rán an. Ewu wà lọ́nà, olè wà, odò wà, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè gba ẹ̀rí yẹn lọ́wọ́ ìlàrí.

Lókè òkun, ìwé ló gbapò. Lẹ́yìn tí àwọn ẹrú àti àwọn tó ti gba òmìnira, tí àwọn Nàgó (ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá) pọ̀ jù nínú wọn, dìde ogun ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil, ní òru ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kìíní ọdún 1835, ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn ọmọ Áfíríkà tó ti di òmìnira padà sí etí òkun wa. Àwọn mìíràn kò dúró kí wọ́n lé àwọn. Wọ́n lọ bá ọlọ́pàá fúnra wọn, wọ́n gba ìwé ìrìnnà, wọ́n sì wọ ọkọ̀ ojú omi. Àwọn ni wọ́n dé Àgbádárìgì, Ouidah, Àjàṣẹ́ àti Èkó tí a fi ń pè wọ́n ní Àgùdà. Àlọ ni ìwé náà wà fún, kò sí ti àbọ̀: òfin Brazil láti 1831 kò gbà kí ọmọ Áfíríkà tó ti gba òmìnira tún gúnlẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí olùwádìí Pierre Verger ń wá ìtàn wọn ní ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ìwé àkọsílẹ̀ tí ọlọ́pàá Bahia fi pa mọ́ wà lára ohun tó kà. Ìwé ọwọ́ arìnrìn-àjò lè ṣègbé. Ti ọ́fíìsì dúró.

Nígbà ìjọba amúnisìn, ìwé ìrìnnà kan náà kọ́ ni gbogbo ọmọ Nàìjíríà lè rí gbà. Ẹni tí wọ́n bí ní Èkó jẹ́ ọmọ abẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí wọ́n bí ní Ìbàdàn tàbí Oǹdó sì jẹ́ ẹni tí ọba Gẹ̀ẹ́sì kàn ń dáàbò bò. Ọ́fíìsì tó ń fúnni sì lè fa ọwọ́ sẹ́yìn. Lẹ́yìn tí Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ti Abẹ́òkúta rin ìrìn-àjò lọ sí Ṣáínà ní 1956, ìjọba kọ̀ láti bá a tún ìwé rẹ̀ ṣe. Wọ́n ní yóò kó èrò Kọ́múníìsì sí àwọn obìnrin lórí.

Ní 1958 ni wọ́n yọ ẹ̀ka ìmígíréṣọ̀n kúrò lára iṣẹ́ ọlọ́pàá, òfin sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 1963. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹnu èèyàn ni ẹni tí ìwé rẹ̀ sọnù fi ń gba òmíràn. Yóò kọ́kọ́ dé àgọ́ ọlọ́pàá láti ròyìn, yóò gba ilé ẹjọ́ lọ búra, yóò sì wá onídùúró tó lórúkọ láwùjọ. Ọlọ́pàá kọ ohun tí ó sọ, kọ́ọ̀tù lu òǹtẹ̀ sí ohun tí ó búra sí, onídùúró ní òun mọ̀ ọ́n. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tó rí ìwé náà nígbà tó ń sọnù.

Àdánù kan tún wà tí kì í ṣe ti olè. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1992, amòfin Olisa Agbakoba fẹ́ lọ sí ìpàdé kan ní Netherlands, ni àwọn òṣìṣẹ́ ààbò ìjọba bá gba ìwé ìrìnnà rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà. Ó gbé wọn lọ sí kọ́ọ̀tù. Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá a láre ní 1994, pé ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti jáde nílùú lẹ́tọ̀ọ́ sí ìwé tí yóò fi jáde. Ní 1999, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fọwọ́ sí i. Ṣáájú ìdájọ́ náà, ohun tí àwọn aláṣẹ ń wí ni pé ti ìjọba ni ìwé, ìgbà tó bá wu ìjọba ló lè gbà á.

Nígbà tó di 2002, Interpol, àjọ ọlọ́pàá àgbáyé, bẹ̀rẹ̀ àkójọ ìwé ìrìnnà tó sọnù àti èyí tí wọ́n jí, kí orílẹ̀-èdè kan lè mọ ohun tó sọnù ní òmíràn. Àkójọ náà ti lé ní 40 mílíọ̀nù nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú Malaysia MH370 pòórá pẹ̀lú èèyàn 239 ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹta ọdún 2014. Ọmọ Iran méjì wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń lo ìwé ará Italy kan àti ti ará Austria kan, èyí tí wọ́n jí ní Thailand. Ìwé méjèèjì ti wà nínú àkójọ Interpol. Wọn ò kàn wò ó ni kí àwọn méjèèjì tó wọkọ̀. Ìwádìí fi hàn pé ibi tí wọn yóò forí pamọ́ sí ní Yúróòpù ni wọ́n ń wá.

Ní Nàìjíríà, ara tún padà di ẹ̀rí ní 2007, nígbà tí ìwé ìrìnnà oní-ṣíìpù jáde, tí ìtẹ̀ka àti àwòrán ojú olówó ìwé wà nínú rẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn oníjìbìtì a máa ṣí fọ́tò, wọ́n á fi ti ẹlòmíràn dípò. Èyí náà ló ń kó ìyọnu bá ẹni tí òjò pa ìwé rẹ̀ tàbí tó gbàgbé rẹ̀ sápò ṣòkòtò tí wọ́n fọ̀. Bí fọ́tò bá ti ṣí létí, ta ni yóò gbà pé omi ló ṣe é? Láti 2019, ike líle ni wọ́n fi ń ṣe ojú ewé tí orúkọ àti àwòrán wà, ṣùgbọ́n àwọn ojú ewé tó kù ṣì jẹ́ ìwé.

Lónìí, àgọ́ ọlọ́pàá àti kọ́ọ̀tù ṣì wà lójú ọ̀nà, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè (NIN) sì ti kún un. Owó ìwé ìrìnnà náà ti gbéra: láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ₦100,000 ni ti ọlọ́dún márùn-ún, ₦200,000 ni ti ọlọ́dún mẹ́wàá. Ìka tí olówó ìwé tẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ ló ń tètè fa àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde nínú kọ̀ǹpútà ju onídùúró lọ. Ṣùgbọ́n físà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìwé tó sọnù kò lè tẹ̀lé e wá. Ẹ́ḿbásì tó fún un ni yóò tún lọ bá. Nọ́ńbà ìwé tuntun á sì yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Bí ìwé àtijọ́ bá wá yọjú lábẹ́ ìjókòó mọ́tò ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n ló yẹ kó dá a padà sí, nítorí ẹ̀rọ ẹnubodè ti mọ̀ ọ́n sí ìwé tó sọnù. Olówó rẹ̀ gan-an tó bá gbé e dé pápákọ̀ òfuurufú Heathrow ni wọn yóò kọ́kọ́ fà sí ẹ̀gbẹ́ kan.